Ẹ̀ṣẹ̀ Mi Ni, Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi Ló Ń Gun Àkàbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán ná. Ẹ máa rí i pé mo bú ara mi dáadáa. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ bá mi fi kún un.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la máa ń to ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní súwíìsì. Kì í ṣe ti iná ara ògiri o. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò mẹ́rìnlélógún níwájú. Wáyà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wọ inú ihò tirẹ̀, àpótí náà á wá máa pín ọ̀rọ̀ fún wọn, kí kọ̀ǹpútà òkè lè máa bá ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ dírẹ́bà rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tó ń sọ fún àpótí náà bí ihò kọ̀ọ̀kan á ṣe máa hùwà. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ dírẹ́bà lọmọ òun ń ṣe, wọ́n sì máa ń bi mí léèrè bí mọ́tò ṣe ń ṣe dáadáa sí. Níbi iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí, nítorí jígí ojú mi àti nítorí pé mi ò lè sọ aago tó lù láì kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Ẹni tó ń fa wáyà fún wa ni Ìyá Wáyà. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti fi ń gun àkàbà wọ inú àjà ilé onílé. Orí wáyà méjèèjì ni wọ́n máa ń so ìwé pélébé mọ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí i gbàgà-gbàgà. Wọn ò mọ ẹyọ ìlà kan nínú ohun tí mò ń kọ, àmọ́ kò síhò tí wọn ò mọ ìwà rẹ̀.

Wọ́n tún wá bí ọmọbìnrin kan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe jígí ojú ni mo ti pàdé rẹ̀, kí n tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó fi jígí tuntun sí mi lójú, ó ní, "Kí lẹ rí?" Mo ní, "Ìwọ ni mo rí." Ó ní gbogbo oníbàárà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí n jọ̀ọ́ ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa mú mi gún régé.

Àwa méjèèjì ti fẹnu kò. Ìyá rẹ̀ ni kò tíì fẹnu kò sí i.

"Ẹ fún mi dòpin oṣù yìí," ni Ìyá Wáyà wí fún wa. "Mo mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́. Iṣẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ fún ọmọ mi. Ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni mò ń wá, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá òun ni."

Àfẹ́sọ́nà mi ò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi. "Tí Màmá bá ní rárá, rárá náà ni o. Mo fẹ́ràn ẹ, àmọ́ mi ò lè fẹ́ ẹni tójú ìyá mi ò gbà."

Mo ní kò séwu. Kí ló tún kù tí màá ṣe ju kí n máa kí wọn dáadáa, kí n máa gbé àpótí irinṣẹ́ fún wọn?

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù parí nígbà tí mo ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, mi ò ní pẹ́. Ìwà méjì ni ihò wáyà lè hù. Nínú ti àkọ́kọ́, òun àti ẹni tó wà ní ìparí wáyà lè máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì máa gbọ́ra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjùmọ̀sọ la máa ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Nínú ìkejì, tí ọ̀kan bá ń sọ, èkejì á panu mọ́ títí á fi kàn án. A ń pe ìyẹn ní gbà-fún-mi. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn méjèèjì máa ń kí ara wọn ná, ibi ìkíni yẹn ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí ìwà tí wọ́n jọ máa hù. Ìkíni náà ò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ.

Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá tó bá ti yí ẹ̀yìn, kò ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó lè fi tọrẹ. Lọ́jọ́ tí ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ wá wo súwíìsì tuntun wa, ó ki wáyà bọ ihò kan, ó wá ń wo iná ihò náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí niná yìí ń dúró dè?"

"Wọ́n ń kí ara wọn lọ́wọ́ ni, sà."

"Kí ni wọ́n ń kí ara wọn fún? Ṣé àna ni wọ́n ni? Aago méjì loníbàárà ń bọ̀. Bí mo bá ṣe ń ki wáyà bọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kíná tàn."

Mo jókòó, mo gé ìkíni kúrò. Mo pàṣẹ fún ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún pé ìjùmọ̀sọ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sí ẹ-ǹ-lẹ́, kò sí ilé-ńkọ́. Mo wá kọ ìrántí fún ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà: *Dá èyí padà lẹ́yìn ìfihàn.*

Ìfihàn dùn. Iná tàn wàì, oníbàárà pàtẹ́wọ́, Kíákíá gbá mi léjìká. A jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Mo gbàgbé.

Bí wọ́n ṣe gbé súwíìsì náà lọ sílé ìtẹ̀wé lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Òkè pátápátá ni wọ́n gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn tó ń ya àwòrán inú ìwé. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Àwọn ẹ̀rọ àgbà yẹn dúró de ìkíni. Nígbà tí wọn ò rẹ́ni kí wọn, wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń ṣe, wọ́n bọ́ sínú gbà-fún-mi. Ni súwíìsì tèmi bá ń sọ̀rọ̀ láì mí, ni tìsàlẹ̀ ń retí kó dánu dúró, ni ọ̀rọ̀ wọn ń forí gbárí láàárín ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé, olórí àwọn atẹ̀wé, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Yíǹkì, pe ọ́fíìsì wa.

"Àwòrán tó máa ń sọ̀kalẹ̀ kí n tó sín tán," ni bàbá náà wí, "mo ti sín, mo ti nu imú, mo ti jẹun ọ̀sán, kò tíì dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kíléèwé wọlé o! Ìwé àwọn ọmọdé ni mò ń tẹ̀."

Mo wo àkọsílẹ̀ súwíìsì láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àbọ̀, èyí tó gé lórí, èyí tó gé nídìí. Bí wáyà tó ti bó ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Wáyà ni," mo wí fún Kíákíá. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, lákòókò yẹn, mo gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Àṣà kan wà nílé iṣẹ́ wa. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàìsàn, wáyà la máa kọ́kọ́ fura sí, ẹni tó sì fà á ló máa tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé wáyà ló bàjẹ́ lóòótọ́, onítọ̀hún máa fọwọ́ sí ìwé pupa kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ibi tí gbogbo wa ti ń po tíì. Ọdún méjìlélógún, orúkọ Ìyá Wáyà ò dé ara ògiri yẹn rí.

Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò jiyàn. "Màá lọ wò ó," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé àkàbà wọn, wọ́n sì kó páálí wáyà tuntun méjì dání.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn náà ni mo ṣí dírẹ́bà láti tún nǹkan míì ṣe. Ojú mi bá ṣe kòńgẹ́ ìlà yẹn. *Dá èyí padà lẹ́yìn ìfihàn.* Lédè tèmi, lọ́wọ́ tèmi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi tutù bí ẹja inú yìnyín.

Mo gbé fóònù. Mo ti tẹ nọ́ńbà Ìyá Wáyà dé ààbọ̀ nígbà tí Kíákíá kọjá lẹ́yìn mi, tó ń sọ fún akọ̀wé pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé wáyà ni. Ká ní dírẹ́bà ni, ẹ̀gbin ńlá ni ì bá jẹ́ fún wa." Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìdánwò kì í pariwo. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí màmá yìí dáhùn. Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ìwọ ni kò mọ iṣẹ́ ẹ? Dúró ná. Ó di ọ̀la."

Mo dúró ná. Ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé ìtẹ̀wé náà. Ẹsẹ̀ Ìyá Wáyà nìkan ló hàn lókè àkàbà, ìyókù wọn ti wọnú àjà. Nísàlẹ̀, àwọn atẹ̀wé ti ń fi ẹsẹ̀ gbé àwòrán, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ gbà á lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Wáyà wí látinú àjà.

"Èmi ni, Màmá. Mo gbé tíì wá."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ife, wọ́n mu ún díẹ̀. Wọ́n wá wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé gbogbo nǹkan dáa lápá tìẹ?"

Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn nìyẹn, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ohun tí mo kàn ní láti ṣe ò ju kí n rìn wọlé.

"Ó dáa, Màmá," mo wí. "Kò sí wàhálà."

"Ó dáa náà," ni wọ́n wí. Wọ́n dá ife padà fún mi, mo di àkàbà mú, wọ́n sì tún gòkè lọ.

Àfẹ́sọ́nà mi pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Kí lo ṣe fún Màmá? Wọ́n ní o gbé tíì wá fáwọn, o tún di àkàbà mú. Wọ́n ní o ń tọ́jú àwọn bí ọmọ."

"Kò tó nǹkan," mo wí. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọjọ́rú ló burú jù. Mo jókòó sí yàrá súwíìsì, mò ń díbọ́n pé mò ń ṣiṣẹ́. Ìyá Wáyà wà lókè orí mi gan-an, nínú àjà. Mò ń gbọ́ wọn: gbì, wọ́n sún síwájú. Gbì, wọ́n tún sún. "Yéè, orúnkún mi." Gbì. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Gbogbo gbì yẹn, àyà mi ló ń bọ́ sí.

Wọ́n yọjú lójú ihò àjà, eruku kún gbogbo irun wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Mo ní kí n tún bi ọ́. Dírẹ́bà ẹ yìí, o ò yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Rárá o, Màmá."

Irọ́ kejì yìí rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù nìyẹn, àmọ́ kò bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi pè, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mò ń fi ìpara ra orúnkún Màmá lọ́wọ́ ni. Ó ti wú. Jẹ́ kọ́wọ́ mi tẹ ẹni tó rọ wáyà burúkú yẹn tó tà á fún yín, á ríjà mi."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Mo ní, "Bá mi kí wọn." Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́.

Mo ronú, mo ronú, ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Ọgbọ́n náà dára débi pé mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi lémi nìkan. Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Wáyà á ti pààrọ̀ wáyà tán. Èmi á wá yọ́ dá ìkíni padà sínú dírẹ́bà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sáré, gbogbo èèyàn á ní wáyà tuntun ló ṣe é. Wọ́n á gbóríyìn fún Màmá, ọ̀gá á dunnú, wọ́n á tẹ ìwé àwọn ọmọdé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ta ni mo pa lára?

Ìwé pupa ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Bí ẹni tó ń gbọ́n lọ́gbọ́n tirẹ̀ ṣe máa ń gbàgbé ohun tó ṣe kókó nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, kété tí Ìyá Wáyà sọ̀ kalẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, mo wọ yàrá súwíìsì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Mo yọ àṣẹ burúkú náà, mo jẹ́ kí ihò mẹ́rìnlélógún máa kíra wọn bí ọmọlúwàbí. Súwíìsì kú fún ìṣẹ́jú kan, ó sì jí. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Igbe Bàbá Yíǹkì la kọ́kọ́ gbọ́ látìsàlẹ̀. "Ó dé o! Àwòrán dé! Òmíràn tún dé! Ẹ bá mi wá nǹkan gbà á!"

Gbogbo wa sáré sọ̀ kalẹ̀. Kíákíá, tó wá wo ibi tíṣẹ́ dé, ti wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Ó wo àwọn ẹ̀rọ tó ń pọ ìwé jáde, ó wá yíjú sí gbogbo èèyàn.

"Ṣé ẹ rí i? Wáyà ni! Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́ látọjọ́ Ajé." Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé pupa yọ. "Màmá, ẹ má bínú, òfin ni òfin. Wáyà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fà ló ní àbùkù. Ẹ ti fi tuntun rọ́pò ẹ̀, iṣẹ́ sì ti dára, mo dúpẹ́. Ẹ bá mi fọwọ́ síbí."

Ìyá Wáyà ń fi àkísà nu ọwọ́ wọn, wọ́n ń nu ìka kọ̀ọ̀kan.

"Wáyà tuntun wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ti ń fà látọjọ́ mẹ́ta."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fa wáyà?"

Wọ́n rìn lọ sí igun yàrá, wọ́n yí páálí méjì síta. Téèpù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n láti ilé ọjà ṣì wà lẹ́nu wọn, kò sẹ́ni tó já a. Wọ́n wá mú ìwé kékeré kan jáde látinú àpò, wọ́n ṣí i fún Kíákíá.

"Wáyà mẹ́rìnlélógún. Mo dán orí méjèèjì wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé. Ìdí tí mo fi pẹ́ lókè nìyẹn. Mi ò pààrọ̀ ẹyọ kan. Wáyà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ló wà níbẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Kíákíá dúró jẹ́ẹ́. Mi ò tíì rí i kó dúró jẹ́ẹ́ rí. "Tó bá jẹ́ pé ẹ ò pààrọ̀ wáyà... kí ló wá yí padà?"

Ìyá Wáyà ò wò mí. Iná tíntín kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n nàka sí.

"Iná yìí, àwọ̀ ìyeyè ló ń tàn látọjọ́ Ajé. Ti súwíìsì wa lókè, àwọ̀ ewé. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ò fẹnu kò? Lónìí, kí n tó jẹun, ìyeyè ni. Mo jẹun tán, ó ti di ewé. Èmi ò mọ̀wé kọ̀ǹpútà o. Àmọ́ iná kì í ṣàdédé pa àwọ̀ dà."

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ẹ wá wo àgbà tó tún gun àkàbà mọ́ ọn!

Èmi nìkan ni mo máa ń fọwọ́ kan dírẹ́bà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú yàrá yẹn. Orí wọn ń yí sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò ní tan yín jẹ: mo ti la ẹnu láti sọ pé ẹ̀rọ máa ń wo ara rẹ̀ sàn nígbà míì. Irọ́ náà ti dé eyín iwájú. Ìgbà náà ni mo rí bí Ìyá Wáyà ṣe fi ọwọ́ kan ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀ kó má bàa fara kan ilẹ̀. Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé ó dùn mí nínú egungun.

"Èmi ni, sà," mo wí. "Mo gé ìkíni kúrò nínú dírẹ́bà, mo gbàgbé láti dá a padà. Ọjọ́ Ajé ni mo ti rí i. Ìsinsìnyí ni mo yọ́ tún un ṣe."

Bàbá Yíǹkì wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìkíni? O ní ìkíni lo gé? Torí ẹ lèmi pẹ̀lú ọjọ́ orí mi ṣe ń gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ ta nìyí ná?"

"Ta ló ní kó o gé e?" ni Kíákíá fi ìbínú bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà. Lọ́jọ́ ìfihàn." Ó wúkọ́. "Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n gbàgbé, ẹ̀yin kọ́ sì lẹ ní kí n dákẹ́."

Ó nawọ́ ìwé pupa sí mi, òun àti kálàmù. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, oṣù kan gbáko, abẹ́ Ìyá Wáyà ni màá ti máa ṣiṣẹ́, nínú àjà.

Níta, mo bá Ìyá Wáyà níbi tí wọ́n ti ń di àkàbà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀ tán.

"Àṣìṣe ẹ ò dùn mí," ni wọ́n wí. "Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó mu tíì ẹ, mo ti ríná ìyeyè. Mo bi ọ́. Ọjọ́rú, mo tún bi ọ́. Mò ń dán wáyà wò lókè yẹn, etí mi wà nísàlẹ̀, mò ń retí kó o ní, 'Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.' Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ, ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń wá ibi tó o máa kúnlẹ̀ sí."

"Màmá, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yín ńkọ́?"

"Oṣù ò tíì parí," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé àkàbà wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àfẹ́sọ́nà mi ò fi gbé ìpè mi. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ wa.

"Mò ń bínú sí ẹ."

"Mo mọ̀."

"Rárá, o ò mọ̀. Èmi ni mò ń fi ìpara ra orúnkún wọn. O wà lórí fóònù, o ní pẹ̀lẹ́. O ní kí n bá ẹ kí wọn!" Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló yọ. Ó tún gbé ojú le padà. "Màmá ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò tíì sọ rárá náà. Wọ́n ní àwọn sún un síwájú. Èmi náà ò sì ní bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Mo ti wà nínú àjà nígbà yẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ ò bá tíì fi orúnkún rin inú àjà nígbà oòrùn, ẹ má pera yín ní òṣìṣẹ́. Mo lu orí mọ́ igi àjà títí mo fi mọ igi kọ̀ọ̀kan lójú. Ìyá Wáyà ń bẹ nísàlẹ̀, wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n ń mu tíì. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé gbogbo nǹkan dáa lápá tìẹ?" Mo bá tún ń lu orí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé mi ò jẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ká ní àṣìṣe nìkan ni mo ṣe. Àṣìṣe yẹn ò kọjá ohun téèyàn á tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo san gbèsè rẹ̀. Mo rò pé mò ń fi dáàbò bo ìfẹ́ mi, ìfẹ́ náà gan-an ni mò ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Oṣù àjà parí. Mo padà sídìí dírẹ́bà mi. Ìyá Wáyà ò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mò ń jẹun kí n tó lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí nǹkan sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ tó ṣáájú, mo to ihò súwíìsì fún ilé ìkàwé kan. Ihò kẹtàlá ló ń gbé ọ̀rọ̀ gbogbo yàrá kọjá sókè, mo sì tò ó bí ẹni pé ti yàrá kan ṣoṣo ni. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ láago mẹ́jọ, òkè pátá ló máa dákẹ́. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn tún dé. "Wọ́n á ní wáyà ni. Kó o tó débẹ̀..."

Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà náà dé òpin.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìkàwé máa kú láago mẹ́jọ, wọ́n á pè yín pé wáyà ni. Kì í ṣe wáyà. Èmi ni. Ihò kẹtàlá ni mo tò sódì. Ẹ má wulẹ̀ gbéra nílé, mo ti ń lọ tún un ṣe."

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Ta ló rí i?"

"Kò sẹ́ni tó tíì rí i, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Òun ló kàn tí mo bá ti bá yín sọ̀rọ̀ tán."

Mò ń gbọ́ ìró bàtà wọn lórí ilẹ̀, ṣàṣà, ṣàṣà, bí wọ́n ṣe ń lọ nínú ilé. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

"Dìde ńbẹ̀ yẹn, kó o wá gba fóònù. Ọkọ ẹ ni."